Àmàlà Ló Kọ́ Mi ní Tábìlì Títò

Àmàlà ló kọ́ mi ní tábìlì títò. Ẹni tó bá ti mọ bí a ṣe ń to tábìlì fún àmàlà, kò sí oúnjẹ tó máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tí kò ní mọ ibi tó máa gbé e sí. Àmàlà dúdú, bí a bá bù ú sínú abọ́ dúdú lórí aṣọ dúdú, ojú ò ní rí i. Ó gbóná, bó bá sì pẹ́ nílẹ̀, ojú rẹ̀ á gbẹ, á le. Ọwọ́ la fi ń jẹ ẹ́, nítorí náà omi gbọ́dọ̀ wà nítòsí, ìgúnpá sì gbọ́dọ̀ rí ààyè. Gbẹ̀gìrì tó pọ́n rúsúrúsú, ewédú tútù yọ̀yọ̀ àti ọbẹ̀ ata pupa, inú àwo kan náà ni gbogbo wọn máa ti pàdé. Àwọ̀ wà níbẹ̀ tó. Ẹni tó bá tún kó òdòdó olóríṣiríṣi àti àbẹ́là sáàárín irú tábìlì bẹ́ẹ̀ ti da ojú rú kí alásè tó gbé ìgbakọ.

Bẹyẹrúnkà ní Ìbàdàn ni mo ń gbé. Iṣẹ́ mi ni kí n máa to tábìlì fún àwọn tó ń ṣe ìnáwó, láti Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba, títí dé orí òkè Màpó. Ìyá alásè ni ọ̀gá tó kọ́ mi, kì í sì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nípa àwọ̀ kó tó gbọ́ ìdáhùn sí ohun tó kọ́kọ́ máa ń béèrè: ta ló ń bọ̀ wá jókòó, kí ló sì ṣẹlẹ̀ sí i? Títí di òní, ibẹ̀ ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Tábìlì ẹni tó ń yọ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, ti ẹni tí ebi ààwẹ̀ ń pa tún yàtọ̀ sí ti ẹni tó wá jẹ oyè. Oúnjẹ wọn lè jẹ́ ọ̀kan náà o.

Ìlú tí ìgbín bọ́ ni ìlú wa. Ìtàn tí wọ́n sọ fún gbogbo wa ni pé nígbà tí ogun lé Lágelú, ẹni tó tẹ Ìbàdàn dó, àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gun orí òkè, èso òro àti ìgbín ni wọ́n rí jẹ, ìkarahun ìgbín náà ni wọ́n sì fi ń mu ẹ̀kọ. Ìkarahun ni àwo tó kọ́kọ́ wà ní Ìbàdàn. Nítorí ìtàn yìí ni mo ṣe máa ń ṣa ìkarahun ńláńlá jọ, n ó fọ̀ wọ́n, n ó sá wọn dáadáa, n ó wá fi bu iyọ̀ àti ata gígún sórí tábìlì. Àwọn àgbà tó bá rí i kì í béèrè ìdí rẹ̀. Lọ́jọ́ ọdún Òkèbàdàn, tí wọn kì í dáná, iṣẹ́ mi máa ń dùn mọ́ mi ju ti ọjọ́ mìíràn lọ. Kò sí èéfín, kò sí kúlà, kò sí ẹni tó ń pariwo pé oúnjẹ ń tutù. Ẹ̀kọ tútù inú ewé eéran, àkàrà tí wọ́n ti dín lánàá, ẹja gbígbẹ, èso: mo máa ń to ẹ̀kọ náà tewétewé, n kì í jẹ́ kí wọ́n tú u sínú abọ́. Jẹ́ kí olúkúlùkù tú tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Òórùn tó ń jáde nígbà tí ewé bá ń ṣí ti tó ìtọ́wò.

Ká sọ̀rọ̀ aṣọ. Funfun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń béèrè, funfun sì dára, àmọ́ epo pupa kì í ṣàánú aṣọ funfun. Èmi fẹ́ràn àdìrẹ ẹlẹ́kọ, pàápàá jù lọ Ìbàdàndùn. Gbọ̀ngàn Màpó tí ẹnjiníà ìjọba amúnisìn, Robert Jones tí wọ́n ń pè ní Taffy, kọ́, tí wọ́n sì ṣí ní 1929, àwọn obìnrin wa ló sọ òpó rẹ̀ di àwòrán lára Ìbàdàndùn yìí. Nígbà tí wọ́n sì ń wá ohun tí wọ́n máa yà sáàárín òpó kan sí èkejì, ṣíbí ni wọ́n yà. Òpó, ṣíbí, òpó, ṣíbí, bó ṣe tò lọ nìyẹn. Bí mo bá tẹ́ aṣọ yìí tán, ṣíbí ti wà lórí tábìlì kí n tó kó ṣíbí jáde. Oúnjẹ náà ni wọ́n sì fi yà á: láfún ni wọ́n ń rò di ẹ̀kọ tó le, ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n ń fi ya àwòrán rẹ̀ sára aṣọ, kí wọ́n tó rì í sínú aró ẹ̀lú. Ibi tí ẹ̀kọ bá bò, aró ò ní wọ ibẹ̀ dáadáa. Mi ò tíì rí aṣọ tó yẹ tábìlì Ìbàdàn jù ú lọ. Gbé àwo funfun lé e, bu àmàlà sí i, da gbẹ̀gìrì sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí o wá wo bí gbẹ̀gìrì yẹn ṣe máa tàn lórí aró.

Àdìrẹ tuntun ń fẹ́ ìtọ́jú o. Aró rẹ̀ máa ń ràn mọ́ ọwọ́ àti ìdí àwo. Omi tútù ni mo fi ń ṣàn án, n ó máa pààrọ̀ omi náà títí yóò fi mọ́, lẹ́yìn náà n ó sá a sí ibòji. Kò dára kí àlejò tó wọ aṣọ lẹ́ẹ̀sì funfun fi ọwọ́ lé tábìlì kó sì gbé aró lọ sílé.

Aṣọ òkè náà wúlò. Òfì tí ọkùnrin ń hun kò fẹ̀ púpọ̀, tí a bá sì rà á ní ọjà Ọ̀jẹ́ kí wọ́n tó rán an pọ̀, gbọọrọ rẹ̀ kan péré ti tó láti tẹ́ gba àárín tábìlì kọjá. Sányán ni mo máa ń lò fún ìgbéyàwó, ẹtù fún àjọyọ̀ àgbà, àlàárì fún oyè. Èyí kì í ṣe òfin, ojú mi ló gbà á bẹ́ẹ̀.

Orí òkè Màpó ní ìṣòro tirẹ̀, ìyẹn afẹ́fẹ́. Aṣọ tábìlì tó fúyẹ́ á gbé sókè lójú àwọn ìyàwó, ife oníke á bẹ̀rẹ̀ sí í yí kiri. Nítorí náà, igbá tó wúwo ni mo ń gbé sáàárín, n ó sì di igun aṣọ mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì. Àmọ́ nǹkan tó jẹ mí lógún jù níbẹ̀ ni ààyè. Àwọn tó kọ́ iṣẹ́ yìí lójú fídíò nìkan máa ń sún tábìlì mọ́ra kí gbọ̀ngàn lè kún, wọ́n gbàgbé pé Yorùbá ló ń ṣe ìnáwó. Ọmọ ilé máa wá dọ̀bálẹ̀ fún bàbá àgbà. Ìyàwó máa kúnlẹ̀. Onílù á wá, àwọn tó fẹ́ náwó á tò lẹ́yìn rẹ̀. Bí ọmọkùnrin tó ga ò bá lè na gbogbo ara rẹ̀ sílẹ̀ láàárín tábìlì méjì, títò náà ò dára, bó ti wù kí òdòdó orí rẹ̀ wọ́n tó. N kì í tún gbé òdòdó gíga sórí tábìlì. Àwọn àgbà ń fi ojú wá ara wọn kiri inú gbọ̀ngàn kí wọ́n lè kí ara wọn. Ẹni tí a kò rí, a kò lè kí i, ẹni tí wọn ò sì kí lóde ìnáwó máa ń mú ìbínú rẹ̀ dé ilé.

Tábìlì àwọn àgbà gbọ́dọ̀ jìnnà sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kó sún mọ́ ibi tí oúnjẹ ti ń jáde. Ọ̀dọ̀ wọn ni omi ìṣanwọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹni tó dàgbà jù ló kọ́kọ́ ń fi ọwọ́ sí i. A máa ń sọ pé ọmọdé tó bá mọ ọwọ́ ọ́ wẹ̀ á bá àgbà jẹun, ṣùgbọ́n èmi tí mò ń to tábìlì ló gbọ́dọ̀ gbé omi náà síbi tí ọmọ yẹn ti máa rí i. Tíṣù nìkan ò tó fún ẹni tó fi ọwọ́ jẹ ewédú.

Àwọn ọmọ wa tó ń ti Lọ́ńdọ̀nù wá gbéyàwó máa ń ní kí n to tábìlì tí wọ́n á ti máa gbé oúnjẹ wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọbẹ̀ fífẹ́ẹ́rẹ́ lákọ̀ọ́kọ́, kí wọ́n kó o, kí òmíràn tún dé. Mo máa ń ṣe é fún wọn tọkàntọkàn. Mo sì máa ń sọ fún wọn pé àwọn ọlọ́lá ilẹ̀ Faransé pàápàá máa ń gbé oúnjẹ kún orí tábìlì lẹ́ẹ̀kan náà nígbà kan rí. Ọ̀nà àwọn ará Rọ́ṣíà ni ti ọ̀kọ̀ọ̀kan yìí, inú ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló sì tó tàn ká Yúróòpù. Ìbàdàn tí wọ́n tún tẹ̀ dó ní 1829 kò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí àṣà náà lọ́jọ́ orí. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìwà ará oko ni àpapọ̀ oúnjẹ wa.

Ti ìdána rọrùn láti bàjẹ́. Iṣu 42, obì 42, orógbó 42, ataare, oyin, iyọ̀, àádùn: ẹrù náà fúnra rẹ̀ lẹ́wà. Kí ló dé tí a fi ń wé gbogbo rẹ̀ ní ọ̀rá tó ń dán títí a kò fi mọ iṣu yàtọ̀ sí ìgò? Mo máa ń jẹ́ kí iṣu hàn, n ó to gbogbo orí rẹ̀ sí apá kan náà. Oyin àti iyọ̀ máa ń wà ní ṣíṣí sílẹ̀ nínú ahá kéékèèké, torí wọ́n máa fi gbàdúrà, wọ́n á sì tọ́ wọn wò. Bákan náà ni ti ìkómọjáde. Mo máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó máa ṣe àdúrà ohun tó máa kọ́kọ́ mú, n ó wá to àwọn abọ́ náà bó ṣe máa mú wọn, kí ó má baà máa fi ọwọ́ wá oyin kiri nígbà tí ọmọ ń ké.

Nínú oṣù ààwẹ̀, tábìlì méjì ni mo ń tò sórí ọ̀kan. Ilé Mùsùlùmí pọ̀ ní àdúgbò wa, ìṣínu sì ni iṣẹ́ tí mo máa ń fi ìdákẹ́jẹ́ ṣe jù. Omi àti dàbínù ló máa wà níwájú, ní ìwọ̀n ọwọ́, láìsí ìdérí tó ṣòro láti ṣí. Ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ilé á dìde lọ kírun, ìgbà náà ni n ó yára kó àwọn ife kúrò, tí n ó gbé oúnjẹ gidi kalẹ̀ kí wọ́n tó padà. Ẹni tó ti gbààwẹ̀ láti ìdájí kò fẹ́ wo ọ̀ṣọ́. Ó fẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ bá omi.

Tábìlì ìsìnkú ló nira jù. Bí àgbà bá kú, tó fi ọmọ àti ọmọ-ọmọ sílẹ̀, ìnáwó ni, mo máa ń tò ó tayọ̀tayọ̀: ẹtù lórí funfun, ẹgbẹ́ ọmọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tábìlì tó bá aṣọ ẹbí wọn mu. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọ̀dọ́ ló kú, n kì í to nǹkankan, n kì í sì í gba owó. Mo máa ń lọ bá wọn fọ àwo ni. Mo máa ń gbé àga kan sí ẹ̀gbẹ́ ìyá ọmọ, omi nínú ife, ẹ̀kọ mímu gbígbóná nínú abọ́ tó ní ìdérí, torí kò ní jẹ ẹ́ nígbà tí a bá gbé e wá, ó lè jẹ ẹ́ tó bá yá. Àwọ̀ kankan ò gbọdọ̀ pe ojú níbẹ̀. Bí a ti ń fi ọgbọ́n ṣe ìyẹn, iṣẹ́ wa ni, bí kò tilẹ̀ sí fọ́tò rẹ̀.

Nínú ilé, láàárín tọkọtaya, ohun tí a nílò kéré. Bí ìjà bá ti wà láàárín wọn, abọ́ kan ni mo máa ń ní kí ìyàwó bu oúnjẹ sí, kí àwọn méjèèjì jọ jẹ ẹ́. Ọwọ́ méjì tó bá ń pàdé nínú ọbẹ̀ kan náà á sọ̀rọ̀ kí ẹran tó tán. Abọ́ náà kò ní láti wọ́n. Ní Ọjà'ba, tí orúkọ rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ Ìbà Olúyọ̀lé, olórí Ìbàdàn nígbà kan rí, wá, igbá wà, ìkòkò amọ̀ wà, ìgbakọ àti ìjábẹ̀ wà. Irú ọjà bẹ́ẹ̀ yẹ orúkọ Olúyọ̀lé: Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921 pé Olúyọ̀lé ní oko ilá lọ́tọ̀, oko ẹ̀wà lọ́tọ̀, oko iṣu lọ́tọ̀. Owó tí ènìyàn fi ń yá àwo aláwọ̀ góòlù fún ọjọ́ kan lè ra igbá tí ọmọ rẹ̀ máa fi jẹun.

Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní. Bí Ìbàdàndùn ìyá yín bá wà nínú àpótí, ẹ má ṣe jẹ́ kí télọ̀ gé e fi rán báàgì. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì lọ́jọ́ Àìkú, kí ẹ sì bu àmàlà fún àwọn ọmọ lórí rẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ bí a ṣe ń tọ́jú aró rẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn aláró tó ṣì ń ṣe iṣẹ́ náà. Inú wọn á dùn láti sọ fún yín.