Ọ̀rọ̀ bí Ẹgba, Ọ̀rọ̀ bí Asà: Ìfòòró Ọmọdé nínú Kúyẹ̀ àti nínú Ìwé Méjì ti Fágúnwà

Ìfáárà

Yorùbá gbà pé ẹyin lọ̀rọ̀. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ ni òwe yìí ń kìlọ̀ fún. Kò sọ ohunkóhun nípa ẹni tí ẹyin náà fọ́ mọ́ lára. Ẹni kejì yìí gan-an ni iṣẹ́ yìí dá lé, pàápàá nígbà tí ó bá jẹ́ ọmọdé tí kò ní agbára àtidáhùn. Ìfòòró kì í sábà ti orí ẹgba bẹ̀rẹ̀. Orúkọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fún ọmọ tí wọ́n fẹ́ fìyà jẹ. Nígbà tí orúkọ náà bá ti mọ́ ọn lára tán, ẹgba kò ní ṣe ẹnikẹ́ni ní kàyéfì mọ́.

Nígbà tí àwọn lámèyítọ́ bá ń sọ̀rọ̀ lórí ìtàn àròsọ Yorùbá ti àtijọ́, ohun tí wọ́n sábà máa ń tẹnu mọ́ ni ẹwà èdè, ìwàásù, àti àwọn iwin inú igbó. Àwọn nǹkan wọ̀nyí wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn tí ó ń ka àwọn ìwé wọ̀nyí láti ìgbà tí wọ́n ti jáde, ó sì yẹ kí a bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n sọ fún ọmọ tí wọ́n ń fòòró. Ìwé mẹ́ta ni a yàn fún ìbéèrè yìí: Igbó Olódùmarè (1949) àti Àdììtú Olódùmarè (1961), tí D. O. Fágúnwà kọ, àti Kúyẹ̀ (1964), tí J. F. Ọdúnjọ kọ. Ọmọ Òkèigbó ni Fágúnwà, ìlú tí ó wà láàárín Ifẹ̀ àti Oǹdó; olùkọ́ ni, gẹ́gẹ́ bí Ọdúnjọ, ọmọ Ìbarà ní Abẹ́òkúta, tí ó ṣe àwọn ìwé Aláwíyé, ti jẹ́ olùkọ́. Àwọn méjèèjì mọ ohun tí ojú ọmọdé ń rí ní kíláàsì àti nílé alágbàtọ́.

Ẹ̀fẹ̀, Èébú àti Ìfòòró

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ líle ni ìfòòró. Àwùjọ Yorùbá mọ èébú, ó sì ṣe òfin fún un. Ní Ìbàdàn, nígbà ọdún Òkè'Bàdàn, ẹnu gbà á láti kọrin tí ètí kì í fẹ́ gbọ́ ní ọjọ́ mìíràn. Bí ọdún náà bá ti kọjá, àyè ti dí. Àwọn ọmọdé pẹ̀lú a máa bú ara wọn ní eré, tí ẹni tí a bú yóò dá tirẹ̀ padà, tí ẹ̀rín yóò sì pa àwọn tí ó ń wòran. Nínú irú eré bẹ́ẹ̀, ohun mẹ́ta ni kì í ṣaláì sí: àkókò, èsì, àti ìdọ́gba. Ẹni tí ó ń bú ni lónìí mọ̀ pé wọn yóò bú òun náà.

Ìfòòró ni èébú tí ó ti sọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ̀nyí nù. Kò ní àkókò, nítorí pé ojoojúmọ́ ni. Kò ní èsì, nítorí pé ẹni tí a ń bú kò tó ẹni tí í fèsì, tàbí kò ní ẹnu tí yóò fi fọhùn. Kò sì sí ìdọ́gba níbẹ̀ rárá. Síbẹ̀, ó ní ohun kan tí eré náà ní, èyí ni àwọn òǹwòran. Bí kò bá sí ẹni tí ó ń rẹ́rìn-ín, ìdajì agbára ìfòòró ti lọ. Ìlànà mẹ́rin yìí, àkókò, èsì, ìdọ́gba àti òǹwòran, ni a ó fi wọn àwọn ìwé náà wò.

Kúyẹ̀: Èébú tí Ẹni tí a Bú kò Gbọ́

Odi ni Kúyẹ̀, kò sì gbọ́ràn. Àwọn òbí rẹ̀ kú, ó di ẹni tí ó wà lọ́dọ̀ àwọn ìbátan, ìyà sì jẹ ẹ́ lọ́dọ̀ wọn títí tí ó fi kúrò nílé, tí ìrìn-àjò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Yorùbá ní ẹni tí ó bí odi ni ó ń gbọ́ èdè odi. Òwe yìí fi bí àdánù Kúyẹ̀ ti jinlẹ̀ tó hàn. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, kì í ṣe olùtọ́jú nìkan ni ó lọ. Ògbufọ̀ kan ṣoṣo tí ó ní láàárín òun àti ayé ni ó lọ pẹ̀lú.

Orúkọ rẹ̀ tún fi ìdààmú kún ọ̀rọ̀ náà. Ikú yẹ̀ ni ìtumọ̀ Kúyẹ̀: orúkọ àdúrà, orúkọ ìdúpẹ́, tí ó fi hàn pé àwọn kan fẹ́ kí ọmọ yìí wà láàyè. Ọmọ náà kò gbọ́ orúkọ yìí rí. Bákan náà ni kò gbọ́ orúkọ búburú kankan tí ẹnikẹ́ni lè sọ ọ́. Ìbéèrè tí ó yẹ kí lámèyítọ́ dá dúró lé lórí wá nìyí: bí ọmọ kò bá gbọ́ èébú, ta ni a ń bú u sí létí?

Ìdáhùn rẹ̀ ni pé àwọn òǹwòran ni. Ọ̀rọ̀ tí a sọ sí odi kò lè dun odi ní etí, ṣùgbọ́n ó ń ṣiṣẹ́ lára àwọn aládùúgbò. Òun ni ó ń jẹ́ kí wọ́n rí ọmọ tí ebi ń pa, kí wọ́n sì rò pé bí ó ti yẹ kí ó rí nìyẹn. Ẹgba nìkan ni ó dé ọ̀dọ̀ Kúyẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó ṣáájú ẹgba, ọ̀dọ̀ àwọn ẹlòmíràn ni ó lọ. Òǹkàwé pàápàá di ọ̀kan nínú àwọn tí ó gbọ́ ohun tí Kúyẹ̀ kò gbọ́, kò sì sí bí kò ṣe ní bi ara rẹ̀ bí òun ìbá ti ṣe ká ní òun wà ní agboolé náà. Ibí yìí ni agbára ìwé Ọdúnjọ ti ga jù, ó sì ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé kì í ṣe ohun tí òǹkọ̀wé kọ́kọ́ ní lọ́kàn.

Ṣùgbọ́n àléébù ńlá kan wà nínú ìtàn náà. Nígbẹ̀yìn, Kúyẹ̀ rí ìwòsàn, ó ń gbọ́ràn, ó sì ń sọ̀rọ̀. Ọmọ tí ó bá ń ka ìwé yìí lè gbà pé ohùn ni èrè tí ó tọ́ sí ẹni tí ó fara da ìyà, àti pé ẹni tí kò ní ohùn kò tíì di ènìyàn tán. Ọdún 1964 ni ìwé náà jáde. Ní ọdún 1960, Andrew Foster, ará Amẹ́ríkà tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ adití, ti dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn, lẹ́yìn tí ó ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Gánà ní ọdún 1957. Ọ̀nà kan wà tí odi lè fi bá ayé sọ̀rọ̀ láìdi ẹni tí a wò sàn: ọwọ́ rẹ̀. Ìtàn Kúyẹ̀ kò ya ọ̀nà yìí. Ọmọ tí ó ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ ní Àkúrẹ́ lónìí yóò rí ìyà ara rẹ̀ nínú ìwé náà, ṣùgbọ́n ìgbàlà tí yóò rí níbẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀.

Àdììtú: Orúkọ tí ó ń Jogún Òṣì

Nínú Àdììtú Olódùmarè, Fágúnwà kò mú odi wá. Òṣì ni ohun tí ó ya ọmọ náà sọ́tọ̀. Orúkọ àwọn òbí rẹ̀ sọ gbogbo rẹ̀: Òbíríayé ni bàbá, Ìpọ́njúdìran ni ìyá. Ẹni tí ó bá pe ìyá yìí ní orúkọ ti sọ pé ìpọ́njú ti di ohun ìran, ohun tí a ó máa jogún. Kò sí èébú tí ó burú tó orúkọ tí ó ní ìyà ọmọ kò ní parí láé. Orúkọ tí Fágúnwà sì fún ọmọ náà ni ó fi dá ti ìyá rẹ̀ lóhùn. Ohun tí ó jẹ́ àdììtú kò ṣeé tú; kò sí ẹni tí ó lè sọ pé òun ti rí òpin rẹ̀. Láti orí orúkọ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀, kí ìtàn tó gbéra rárá.

Ohùn ọmọ náà sì wá. Àwọn lẹ́tà ìfẹ́ tí ó wà láàárín Àdììtú àti Iyùnadé ni ọ̀pọ̀ òǹkàwé rántí jù nínú ìwé yìí, wọ́n sì sábà máa ń kà wọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹwà èdè lásán. Wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ tí òṣì ti ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti bí i ni ó jókòó, tí ó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ẹni tí òun jẹ́, sí ẹni tí yóò kà á, tí yóò sì fèsì. Èsì, tí a ti rí pé ìfòòró ń pa, padà wá nínú lẹ́tà.

Àbùkù ibẹ̀ ni pé ọrọ̀ ti dé kí ohùn yìí tó rí etí tí ó gbọ́ ọ. Àdììtú kúrò nílé, ó wọ igbó, ó sì di olówó. Bí Kúyẹ̀ ti gba ahọ́n ni Àdììtú gba owó. Nínú ìwé méjèèjì, kò sí ẹni tí ó dojú kọ ẹni tí ó ń fìyà jẹ ni, kí ó sì sọ fún un pé ohun tí o ń ṣe kò dára. Orí rere ni ó ṣẹ́gun. Ọmọ tí orí rẹ̀ kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá ńkọ́?

Igbó Olódùmarè: Ìdáhùn Ojúkorojú

Ìwé tí ó ṣáájú àwọn méjèèjì ni a ti rí ìdáhùn náà. Nígbà tí Olówó-ayé pàdé Èṣù-kékeré-òde nínú igbó, kì í ṣe ọwọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ fi jà. Iwin náà fi ọ̀rọ̀ halẹ̀, ó fẹ́ kí ọkàn ọdẹ náà rẹ̀wẹ̀sì kí ọwọ́ tó kan ọwọ́. Olówó-ayé kò sá, kò sì bẹ̀bẹ̀. Ó dúró, ó fi ọ̀rọ̀ tí ó gún régé dá ọ̀rọ̀ lóhùn. Gbólóhùn ń gorí gbólóhùn, àwọn méjèèjì sì ń sọ ẹni tí wọ́n jẹ́.

Àwọn kan lè sọ pé ìjà ọdẹ àti iwin kò kan ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá wo bí ìhàlẹ̀ náà ti ṣe ń ṣiṣẹ́, a ó rí i pé ohun kan náà ni. Ẹni tí ó ga, tí ó sì bani lẹ́rù, dúró sí ojú ọ̀nà, ó ń bi ẹni tí ń kọjá léèrè ẹni tí ó jẹ́ tí ó fi ní ìgboyà. Àgbà ọmọ tí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé-ìsùn, tí ó ń dá àwọn ọmọ tuntun dúró, ìbéèrè yìí kan náà ni ó ń bi wọ́n. Ohun tí Fágúnwà kọ́ òǹkàwé ni pé ìbéèrè náà ní ìdáhùn. Ẹni tí ó mọ oríkì ara rẹ̀ kò ní fi ayé sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti sọ ọ́ lórúkọ.

Ààlà ẹ̀kọ́ yìí ni pé àgbàlagbà ni Olówó-ayé, ohun ìjà sì ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdọ́gba wà. Kò sí ibi kankan nínú ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ọmọdé ti dá àgbà tí ó ń fòòró rẹ̀ lóhùn, nítorí pé àṣà kò fi àyè gba èsì bẹ́ẹ̀ láìsọ ọ́ di àfojúdi. Àyè yìí ṣófo nínú ìtàn àròsọ wa.

Àwọn Ìwé náà ní Kíláàsì Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó, ọmọ tí ó ń ka Fágúnwà ní kíláàsì ń kà á ní Yorùbá àjùmọ̀lò, tí kì í fi fáwẹ̀lì u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Èdè tí ó gbọ́ lẹ́nu ìyá-ìyá rẹ̀ ń fi u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Bí èyí bá bọ́ lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ó ń kàwé sókè, tí kíláàsì rẹ́rìn-ín, tí olùkọ́ sì bá wọn rẹ́rìn-ín, ìlànà mẹ́rin tí a sọ ṣáájú ti pé: kò sí èsì, kò sí ìdọ́gba, òǹwòran pọ̀, ojoojúmọ́ ni yóò sì máa ṣẹlẹ̀. Ó jẹ́ ohun ìyanu pé ìwé ọmọ Òkèigbó, tí èdè ilé tirẹ̀ kì í ṣe ti Ọ̀yọ́, ni wọ́n lè fi ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, ẹrù yìí wà lórí àwọn tí ó ń kọ́ olùkọ́, bí irú Adéyẹmí ní Oǹdó, tí ó ti kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì di yunifásítì. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2013, àwọn onímọ̀ péjọ sí Àkúrẹ́ láti ṣe ìrántí àádọ́ta ọdún tí Fágúnwà ti kú. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìrántí tí yóò ṣe ọmọdé láǹfààní ni pé kí olùkọ́ ka Kúyẹ̀ àti Igbó Olódùmarè pọ̀, kí ó sì bi kíláàsì ní ìbéèrè tí ìwé kọ̀ọ̀kan kò béèrè: kí ni àwọn aládùúgbò Kúyẹ̀ ìbá ti sọ? Irú ọ̀rọ̀ wo ni Olówó-ayé ìbá lò, ká ní ọmọ ọdún mọ́kànlá ni?

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé nínú àwọn ìwé mẹ́ta wọ̀nyí, ọ̀rọ̀ ni ẹgba àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ náà sì ni asà. Ọdúnjọ fi hàn, ju ẹnikẹ́ni lọ, pé etí òǹwòran ni èébú ń wá. Fágúnwà fi hàn pé ẹni tí ó bá lè sọ ara rẹ̀ kò ní rọrùn láti sọ ní orúkọ. Síbẹ̀, àwọn méjèèjì fi ìgbàlà ọmọdé sí ọwọ́ ìwòsàn, ọrọ̀, tàbí agbára àgbà. Ìtàn tí ọmọdé ti sọ̀rọ̀, tí àgbà sì gbọ́, láìsí iṣẹ́ ìyanu, kò sí nínú wọn. Iṣẹ́ àwọn òǹkọ̀wé tí ó ń bọ̀ nìyẹn. Kí ó tó dé, iṣẹ́ olùkọ́ ni.