Ẹsẹ̀ Lọ̀gá: Lámèyítọ́ lórí Kíkọ́ Wíwa Piper Cub

Láàárín àwọn tó ń wa bàálù kéékèèké ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ kan kì í kúrò lẹ́nu wọn: ẹni tí kò bá tíì wa bàálù onítáyà-ìrù kò tíì mọ bàálù í wà. Àsọdùn ni. Àmọ́ kí á tó fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn, ó yẹ kí á wo ohun tí bàálù bẹ́ẹ̀ ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ ọ, torí pé iṣẹ́ ọnà ni, ó ní ìlànà, ó ní àléébù, ó sì ní ẹwà tí a lè tọ́ka sí.

Èyí tí mo mú ni Piper J-3 Cub, tí wọ́n ń ṣe ní Lock Haven, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, láti ìparí àwọn ọdún 1930 títí di 1947. Iye tí wọ́n ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 20,000. Páìpù irin ni egungun rẹ̀, aṣọ ni wọ́n nà bò ó, wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ìyeyè, wọ́n sì fa ìlà dúdú kan gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú wọn, ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin 65 ló ń gbé e. Kò ní sítátà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí abẹ̀bẹ̀ imú rẹ̀ kí ó tó jí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ iye epo tó kù, wáyà tín-ín-rín kan ni yóò wò, tó yọ sókè láti inú ìdérí táǹkì níwájú gíláàsì. Kọ́ọ̀kì kan ló léfòó sórí epo nísàlẹ̀ wáyà náà. Bí epo ṣe ń lọ sílẹ̀ ni wáyà ń wọlé. Mi ò tíì rí mítà tó rọrùn kà tó bẹ́ẹ̀.

Táyà ńlá méjì wà lábẹ́ àyà rẹ̀, kékeré kan sì wà nídìí ìrù. Bó bá dúró sílẹ̀, imú rẹ̀ á gbójú sókè, ìrù á jókòó. Ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, torí pé ẹ̀yìn táyà ńlá méjèèjì ni ìwúwo rẹ̀ wà. Ẹni tó bá fi ìyẹ́ ọfà síwájú, tó fi irin rẹ̀ sẹ́yìn, tó wá ta á, ọfà náà kò ní rìn jìnnà kó tó yíjú padà kí irin lè bọ́ síwájú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni Cub rí nígbà tó bá ń sáré lórí ilẹ̀. Kí imú rẹ̀ ṣèèṣì yà díẹ̀, ìwúwo ẹ̀yìn kò ní yà bá a, tààrà ni yóò fẹ́ máa lọ. Á ti ìrù síta, imú á tún yà jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí bàálù á fi yí bìrí, tí apá kan lè gbá ilẹ̀ tàbí kí ẹsẹ̀ kan kán. Nínú bàálù onítáyà-iwájú, iwájú táyà ńlá ni ìwúwo wà, bí imú bá yà, ìwúwo yìí fúnra rẹ̀ ló ń fà á padà sójú ọ̀nà. Ìyàtọ̀ yìí kò ju ti ibi tí wọ́n fi táyà sí lọ, ṣùgbọ́n òun ló pín àwọn awakọ̀ òfuurufú sí ìran méjì.

Àga méjì ló wà nínú Cub, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ẹni tó bá dá wà á, ẹ̀yìn ló gbọ́dọ̀ jókòó sí, kí ìwúwo rẹ̀ lè wà níbi tó yẹ. Torí náà ẹ̀yìn ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń wà, ọ̀gá rẹ̀ á sì jókòó síwájú, á kọ ẹ̀yìn sí i. Kí ni ẹni ẹ̀yìn yìí ń rí? Ìpàkọ́ ọ̀gá, èjìká ọ̀gá. Mítà díẹ̀ tó wà nínú bàálù náà ti fara pamọ́ sí iwájú ọ̀gá, imú bàálù sì ti bo ọ̀nà tí wọ́n máa gbà. Lórí ilẹ̀, ṣe ni yóò máa yà sọ́tùn-ún, yóò yà sósì, kó lè rí ohun tó wà níwájú. Bó bá ń balẹ̀, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ni ojú rẹ̀ ń ṣọ́: etí ọ̀nà lọ́tùn-ún, etí ọ̀nà lósì, kí èyí má pọ̀ ju èyí lọ. Ilẹ̀kùn tó wà lápá ọ̀tún pín sí méjì, òkè àti ìsàlẹ̀, ó sì ṣeé ṣí sílẹ̀ lófuurufú. Ìró afẹ́fẹ́ tó ń gba ibẹ̀ wọlé ń sọ bí eré ṣe tó. Bí ìró náà bá ń rẹlẹ̀, eré ń dínkù nìyẹn.

Níbí ni mo ti rí ọgbọ́n tó wà nínú ẹ̀kọ́ yìí. Ariwo ẹ́ńjìnnì kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pá ìdarí iwájú so mọ́ ti ẹ̀yìn, pẹ́dàlì iwájú so mọ́ ti ẹ̀yìn, nítorí náà ohunkóhun tí akẹ́kọ̀ọ́ bá fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe, ẹsẹ̀ ọ̀gá ti gbọ́ ọ. Bó bá tẹ pẹ́dàlì pẹ́, ọ̀gá mọ̀. Bí ẹ̀rù bà á tó fi gan ọ̀pá mọ́wọ́, ọ̀gá mọ̀. Ìbáwí kékeré lè gba ibẹ̀ padà wá bákan náà, láìsí gbólóhùn kan.

Gbígbéra kò le púpọ̀. Abẹ̀bẹ̀ imú ń yí sọ́wọ́ ọ̀tún lójú ẹni tó wà nínú bàálù, ìdí nìyí tí imú fi ń fẹ́ yà sósì bí iná bá ti kún. Bí ìrù bá ń gbéra nílẹ̀, ó tún máa ń yà sósì sí i. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló ń dá gbogbo rẹ̀ dúró.

Bíbalẹ̀ ni iṣẹ́. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń kọ́ni ni bíbalẹ̀ lórí táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ́ẹ̀kan náà. Akẹ́kọ̀ọ́ á dín iná kù, á máa rọra bọ̀ nílẹ̀. Bó bá kù díẹ̀ kí táyà kan koríko, á dá bàálù dúró sí gíga yẹn, kò ní gbà kó balẹ̀. Á máa fa ọ̀pá wá sápá ikùn díẹ̀díẹ̀. Eré ń lọ, apá ń pàdánù agbára tó fi ń gbé bàálù ró, imú ń gòkè, ìrù ń sọ̀ kalẹ̀. Bí ọwọ́ bá tọ́, ìgbà tí ọ̀pá dé òpin ẹ̀yìn náà ni apá kò lè gbé e mọ́, táyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì kan ilẹ̀ pa pọ̀. Bó bá yá jù, táyà ńlá á kọ́kọ́ gbá ilẹ̀, ìrù á já wálẹ̀, èyí á mú kí apá tún gbé bàálù, á sì tọ sókè padà. Bó bá dá a dúró sókè jù, á ṣubú lulẹ̀ gbàgà. Àṣìṣe méjèèjì hàn sí gbogbo ẹni tó dúró ní pápá.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbé e balẹ̀ dáadáa lè mí kanlẹ̀, kó sinmi ẹsẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni ewu dé, torí pé bí eré ṣe ń dínkù ni ìtọ́kọ̀ ìrù, tí pẹ́dàlì ń yí, ń pàdánù afẹ́fẹ́ tó ń fún un lágbára. Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ máa ṣiṣẹ́ títí bàálù á fi dúró: kó tẹ díẹ̀, kó tètè tẹ̀ ẹ́, kó sì tètè gbé e kúrò. Ẹni tó bá dúró kó rí i pé imú ti yà ti pẹ́. Ẹni tó bá sì ń ta pẹ́dàlì gbìgbì lọ́tùn-ún lósì, òun fúnra rẹ̀ ló ń dá ìyíkiri sílẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti ẹ̀gbẹ́, á tẹ apá tó kọjú sí afẹ́fẹ́ sílẹ̀, á fi ẹsẹ̀ kejì mú imú tọ́, táyà ńlá ẹ̀gbẹ́ yẹn ló sì máa kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Ọ̀nà mìíràn tún wà, tí a máa ń fi táyà ńlá méjì balẹ̀ pẹ̀lú eré, tí ìrù á ṣì wà lókè. Àríyànjiyàn lórí èwo ló sàn jù kò tán láàárín àwọn awakọ̀. Lójú tèmi, afẹ́fẹ́ ọjọ́ náà ló yẹ kó dá ẹjọ́ ọ̀hún.

Ṣé èyí wá sọ pé awakọ̀ Cub ló mọ bàálù jù? Àwọn tó ń ṣe bàálù kò gbà bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ní ẹ̀rí. Fred Weick ṣe Ercoupe, tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1940: táyà iwájú ni, kò tilẹ̀ ní pẹ́dàlì ìtọ́kọ̀ kankan. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ilé ìtajà Macy's ní New York pàtẹ rẹ̀ fún oníbàárà. Cessna náà mú 170 rẹ̀ tó ní táyà ìrù, ó gbé táyà lọ síwájú, ó sọ ọ́ ní 172 ní 1956. Ó ti ju 44,000 lọ tí wọ́n ti ṣe. Wolfgang Langewiesche sì kọ́ni nínú ìwé rẹ̀ *Stick and Rudder*, tó jáde ní 1944, pé lófuurufú, títẹ apá ló ń yí bàálù, kì í ṣe ìtọ́kọ̀ bíi ti ọkọ̀ ojú omi. Àwọn wọ̀nyí rí ìnira táyà ìrù bí àbùkù tó yẹ kí á tún ṣe, wọn ò sì jẹ̀bi.

Ohun tí Cub ní tí 172 kò ní ni pé kì í bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Bí ẹsẹ̀ ọ̀lẹ bá wà nínú 172, táyà iwájú á dárí jì í, oní nǹkan kò sì ní mọ̀. Cub á tú u fó lójú ẹsẹ̀. Ìwúlò rẹ̀ nìyẹn lójú tèmi. Kò sí ìdí láti fi ìwà akin kún un.

Àwọn tó fi Cub kọ́ṣẹ́ nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣe é kò tilẹ̀ kà á sí nǹkan àtijọ́. Ní Tuskegee, ní Alabama, Charles Alfred Anderson, tí wọ́n ń pè ní Chief, ló jẹ́ olórí olùkọ́ àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú. Òun fúnra rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ awakọ̀ òfuurufú kò gbà á nítorí àwọ̀ rẹ̀. Ó ra bàálù tirẹ̀, ó sì gba ìwé àṣẹ ní 1929. Nígbà tí Eleanor Roosevelt, ìyàwó Ààrẹ Amẹ́ríkà, ṣàbẹ̀wò síbẹ̀ ní oṣù kẹta 1941, inú Piper Cub ni Anderson fi gbé e fò, ní àsìkò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń jiyàn bóyá aláwọ̀ dúdú lè wa bàálù.

Lónìí, òfin Amẹ́ríkà sọ pé ẹni tí kò bá tíì ṣe ọ̀gá bàálù onítáyà-ìrù ṣáájú ọjọ́ 15 oṣù kẹrin 1991 gbọ́dọ̀ gba ẹ̀kọ́, kí olùkọ́ sì fọwọ́ sí ìwé rẹ̀. Òfin náà kò dá iye wákàtí, kò sì sí ìdánwò. Ojú olùkọ́ ló máa sọ pé ó tó. Mo fara mọ́ ìyẹn. Èyí tí mi ò fara mọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń fọwọ́ sí ìwé akẹ́kọ̀ọ́, wọn kì í sì í yá a ní bàálù náà láti dá wà, torí ohun tí ilé-iṣẹ́ adójútòfò máa gbà. Akẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ á gba àṣẹ láìtíì mọ bí Cub ṣe ń pẹ́ lókè kó tó balẹ̀ nígbà tí àga iwájú bá ṣófo, bẹ́ẹ̀ ni kò sì tíì sí ìgbà kan tí ẹsẹ̀ ọ̀gá kò wà lórí pẹ́dàlì kejì.