Ilé là ń Wò: Barthes àti Àwọn Orúkọ inú Tour de France

Nínú àwọn àròkọ kéékèèké tí Roland Barthes kó jọ sínú Mythologies ní 1957, èyí tó kọ lórí Tour de France ni mo rò pé ó sún mọ́ etí Yorùbá jù. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ka ìwé náà ní Gẹ̀ẹ́sì ni kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀bi yín kọ́. Annette Lavers kò fi í sínú ìtumọ̀ tó ṣe ní 1972. Ó di 1979 kí Richard Howard tó tú u, inú ìwé mìíràn ló sì wà. Àròkọ náà dára, ó tọ́ kí ẹ wá a kà. Ṣùgbọ́n ó ní ibi tó ti ń tiro, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí á jọ wò.

Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ eré kẹ̀kẹ́ kò kàn, ẹ fara balẹ̀ díẹ̀. Ọdún 1903 ni ìwé ìròyìn kan, L'Auto, dá ìdíje yìí sílẹ̀ kí ìwé rẹ̀ lè tà. Àwọn eléré á gun kẹ̀kẹ́ káàkiri ilẹ̀ Faransé fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n á gun òkè, wọ́n á sọ̀kalẹ̀. A óò ṣírò àkókò tí ẹnì kọ̀ọ̀kan lò lápapọ̀. Ẹni tí tirẹ̀ kéré jù ló gbé igbá orókè. Láti 1919 ni ẹni tó bá wà níwájú ti ń wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ bébà tí wọ́n fi ń tẹ L'Auto gan-an. Ìdíje ti 1955 ni Barthes fi ṣe àpẹẹrẹ.

Ohun tó sọ ni pé eré lásán kọ́ ni Tour, ìtàn akọni ni. Orúkọ ló sì fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní orúkọ àwọn eléré yìí ń dún bí ẹni pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni wọ́n ti wá, nígbà tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ṣì dá dúró: Brankart jẹ́ ará Frank, Bobet jẹ́ ọmọ àárín gbùngbùn ilẹ̀ Faransé, Robic jẹ́ Celt, Ruiz jẹ́ ará Iberia, Darrigade jẹ́ Gascon. Ó tún ṣàkíyèsí bí àwọn aráàlú ṣe ń gé orúkọ náà kúrú tí wọ́n sì ń kẹ́ ẹ: Bobet di Louison, Geminiani di Raph. Lẹ́yìn ènìyàn, ó kan òkè. Òkè náà di ẹlẹ́mìí. Òkè Ventoux tilẹ̀ di òrìṣà burúkú tó ń gba ẹbọ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ kọjá. Bobet ni akọni tó fi agbára ènìyàn bá a jà. Charly Gaul, ará Luxembourg, ni ẹni tí àwọn òrìṣà fọwọ́ sí lórí.

Ṣé ẹ ti gbọ́ ohun tí mo gbọ́? Oríkì ni Barthes ń ṣàpèjúwe. Orúkọ tó ń gbé ìtàn, ìnagijẹ tó ń fi ìfẹ́ hàn, òkè tí à ń pè bí ẹni ń pe ènìyàn: gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ó mọ̀ pé kì í ṣe ìyára kẹ̀kẹ́ nìkan ló ń kó ènìyàn jáde sí ẹ̀bá títì, pé ọ̀rọ̀ tí ìwé ìròyìn àti rédíò ń sọ ló ń sọ ọmọ ènìyàn di akọni. Nínú gbogbo ohun tí mo ti kà lórí eré ìdárayá, díẹ̀ ló mọ agbára orúkọ tó bẹ́ẹ̀.

Ibi tó ti ń tiro nìyí. Àwa ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Barthes kò wo ilé, ìró orúkọ nìkan ló gbọ́. Louison Bobet tó pè ní ọmọ àárín gbùngbùn ilẹ̀ Faransé, Saint-Méen-le-Grand ní Brittany ni wọ́n bí i sí, ọmọ oníbúrẹ́dì ni. Robic tó pè ní Celt dàgbà ní Brittany lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìlú kékeré kan ní Ardennes, lápá ìlà oòrùn àríwá, ni wọ́n ti bí i. Brankart kì í ṣe ará Frank kankan, ọmọ Belgium ni. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ sì ni ti Geminiani. Ará Clermont-Ferrand ni. Àwọn òbí rẹ̀ ló ti Ítálì wá. Nello Lauredi, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, Ítálì ni wọ́n bí òun alára sí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọmọ ilẹ̀ Faransé ní 1948 ni. Nínú àwọn márùn-ún tí mo kà sókè yẹn, Ruiz àti Darrigade nìkan ni orúkọ àti ilé wọn bára mu pátápátá.

Ẹnì kan á ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, Barthes kò sọ pé òun gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn oníròyìn ń ṣe ló ń fi hàn wá." Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ìparí ìwé náà, níbi tó ti ṣàlàyé ohun tí òun pè ní ìtàn ìwáṣẹ̀ òde òní. Ó ní iṣẹ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ni kí ó sọ ohun tí ọwọ́ ènìyàn ṣe di ohun tí a rò pé Ọlọ́run ló dá a bẹ́ẹ̀. Àpẹẹrẹ rẹ̀ tó lókìkí jù ni àwòrán iwájú ìwé Paris Match: ọ̀dọ́mọkùnrin adúláwọ̀ kan nínú aṣọ ológun, tó ń kí bí ológun. Níbẹ̀, Barthes wo ilé. Ó béèrè ibi tí ìtàn ìjọba amúnisìn sá sí nínú àwòrán yẹn. Kí ló dé tí kò béèrè ìbéèrè kan náà lọ́wọ́ Bobet, lọ́wọ́ Lauredi, lọ́wọ́ òkè? Ẹni tó ní òun fẹ́ tú egúngún láṣọ, tó wá ń bá a jó lójú agbo, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí.

Ẹ wo Ventoux fúnra rẹ̀. Ẹni tó gbọ́ Faransé á rò pé afẹ́fẹ́ ni orúkọ náà ń sọ, torí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n wọ́n rí àwọn àkọlé ayé Róòmù ní agbègbè náà tó dárúkọ òrìṣà kan, Vintur, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì so orúkọ òkè náà mọ́ ọn. Ẹ ò rí i pé Barthes fẹ́rẹ̀ẹ́ kọsẹ̀ lu ìṣúra! Òrìṣà wà nínú orúkọ náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n òrìṣà tó ní olùsìn àti èdè tirẹ̀ ni, kì í ṣe èyí tí a dá sílẹ̀ láti ọ́fíìsì oníròyìn. Àròsọ ẹbọ yẹn sì léwu. Ní 13 oṣù keje ọdún 1967, Tom Simpson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣubú lórí Ventoux, ó sì kú. Ooru, àárẹ̀ àti oògùn amphetamine ló ṣe é, òrìṣà kọ́.

Ohun tó dùn mí jù ni pé òkè gíga nìkan ni àròkọ náà mọ̀. Ilẹ̀ Faransé kún fún òkè kéékèèké tí kò ga ṣùgbọ́n tí kò tán: o ò tíì sọ̀kalẹ̀ ọ̀kan tán tí òmíràn ti dé, abúlé olókùúta tó ti wà láti bí 700 ọdún á sì jókòó sórí rẹ̀. Quercy rí bẹ́ẹ̀, Périgord rí bẹ́ẹ̀. Ní 2022, Tour fi 40.7 kìlómítà sáré láti Lacapelle-Marival lọ sí Rocamadour, ìlú tí àwọn arìnrìn-àjò ìsìn ti ń lọ láti ìgbà láéláé. Tẹlifíṣọ̀n fi hẹlikópítà ya ilé ìjọsìn tó lẹ̀ mọ́ àpáta fún gbogbo ayé wò. Ó rẹwà. Ṣùgbọ́n ta ló ka orúkọ náà? "La Capelle" ni, kì í ṣe "La Chapelle", torí èdè Occitan ni, òun sì pa ìró "ca" ti Látìn mọ́ níbi tí Faransé ti sọ ọ́ di "cha". Ìdí kan náà ni Castelnau fi wà lọ́hùn-ún tí Châteauneuf fi wà ní àríwá, bẹ́ẹ̀ sì ni kásùlù tuntun ni àwọn méjèèjì. Savignac ti gúúsù àti Savigny ti àríwá, ọmọ ìyá ni wọ́n. "Pech" tí wọ́n ń pe òkè ní Quercy àti "puy" tó wà nínú Puy de Dôme, ọ̀rọ̀ Látìn kan ló bí wọn. Ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ ń ka ìwé ìtàn èdè láti ara pátákó kan dé òmíràn, bó bá mọ̀ ọ́n kà.

Èdè tó sọ àwọn òkè yẹn lórúkọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́ lẹ́nu àwọn ọmọ ibẹ̀. Àṣẹ ọba ní Villers-Cotterêts, 1539, sọ Faransé di èdè ilé ẹjọ́ àti ti ìwé ìjọba. Ní 1794, Abbé Grégoire kọ ìròyìn tó ní kí wọ́n pa èdè ìbílẹ̀ run. Ilé-ìwé wá fi ìyà parí rẹ̀: wọ́n á gbé àmì ìtìjú kọ́ ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ lọ́rùn. Àwa tí wọ́n gba owó ìtanràn lọ́wọ́ wa ní kékeré torí pé a sọ Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀. Ọdún 1951 ni òfin Deixonne tó fàyè gba Occitan àti mẹ́ta mìíràn ní ilé-ìwé, ọdún yẹn kan náà ni Tour kọ́kọ́ gun Ventoux. Barthes, tó lo ìgbà èwe rẹ̀ ní Bayonne láàárín Gascon àti Basque, kọ àròkọ rẹ̀ ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, kò sì dárúkọ èdè kankan nínú wọn. Gascon ti di ìró lásán nínú orúkọ Darrigade.

Ẹ má ṣi mí gbọ́. N kò ní kí ẹ ju ìwé náà nù. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí á gba ọgbọ́n rẹ̀ kí á sì parí iṣẹ́ tó fi sílẹ̀. Òkúta lè pẹ́ láyé láìsí ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀. Abúlé tí wọ́n tún ògiri rẹ̀ ṣe fún àlejò, tí àwọn ọmọ ibẹ̀ kò sì mọ ìtumọ̀ orúkọ òkè tí wọ́n ń gbé, a ti pa oríkì rẹ̀ dà nù. Ní oṣù keje tó ń bọ̀, bí ẹ bá ń wo àwọn eléré lórí tẹlifíṣọ̀n, ẹ fojú sí pátákó ẹ̀bá títì. Bí ẹ bá délé, ẹ béèrè ìtumọ̀ orúkọ òkè tiyín lọ́wọ́ àgbà tó bá ṣì kù.