Àwọ̀ Méjìlélọ́gbọ̀n

Deluxe Paint ni mo fi ń yàwòrán lórí kọ̀ǹpútà Amiga, mi ò sì tíì rí irinṣẹ́ mìíràn tó mọ́ mi lọ́wọ́ tó o. Ọdún 1985 ni Electronic Arts gbé e jáde. Dan Silva tó kọ ọ́ ti kọ́kọ́ ṣe é fún ìlò inú ilé-iṣẹ́ náà, Prism ni wọ́n ń pè é nígbà yẹn, kó tó dọjà. Ó hàn pé òṣìṣẹ́ ni wọ́n ṣe é fún. Mo tẹ M, ibi tí mo ń tún ṣe á tóbi sí i; mo tẹ J, ojú ìwé kejì tí mo fi ń dánra wò á yọ síta.

Nínú gbogbo lẹ́tà tí mo ń tẹ̀ báyìí, B ló sún mọ́ ọkàn mi jù. Bí mo bá ya ewé kan tán, màá tẹ B, màá fi mọ́ọ̀sì fa ìlà yí i ká, ewé náà á sì di búrọ́ọ̀ṣì. Ewé yẹn ni màá wá fi ya odindi igi, màá máa tẹ X kí àwọn kan lè kọjú sí òdìkejì.

Àwọ̀ ló gba làákàyè. 32 ni mo sábà ń rí lò lójú àwòrán kan, èmi ni màá sì ṣà wọ́n nínú 4,096: ìpele 16 fún pupa, 16 fún àwọ̀ ewé, 16 fún búlúù. Kò sí àyè fún àwọ̀ ọ̀lẹ. Àwọ̀ igi tí mo fi ya òjìji abẹ́ àgbọ̀n èèyàn ni màá tún fi ya ilẹ̀kùn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Níbi tí àwọ̀ méjì bá ti jìnnà síra jù, màá to àmì kéékèèké wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láàárín ara wọn, ojú á sì rí ẹ̀kẹta tí n kò ní. Ẹ wo àwòrán ìbòjú wúrà Tutankhamun tí Avril Harrison fi Deluxe Paint yà, ẹ óò rí ohun tí àwọ̀ díẹ̀ lè ṣe lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n tò.

Ti omi ṣíṣàn tún wá yàtọ̀. Màá to búlúù bíi mẹ́fà tẹ̀lé ara wọn, láti èyí tó ṣú dé èyí tó fẹ́ẹ̀ funfun, màá fi wọ́n ya omi tó ń já láti orí àpáta, màá wá tẹ Tab. Àwọn àwọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gba ipò lọ́wọ́ ara wọn, omi á sì máa já. Kọ̀ǹpútà kò tún àmì kan ṣoṣo yà o! Àwọ̀ nìkan ló ń yí. Nínú fífẹ̀ ìlà àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ni ọwọ́ ayàwòrán ti ń hàn: bí gbogbo rẹ̀ bá dọ́gba, omi á dà bí àtẹ̀gùn. Mo máa ń jẹ́ kó tín-ín-rín lókè, kó fẹ̀ nísàlẹ̀, kí ìfófó sì ní àwọ̀ tirẹ̀ àti ìyára tirẹ̀. Fáìlì náà ń gbé ètò yíyí yìí pamọ́ pẹ̀lú àwòrán, torí náà ẹnikẹ́ni tí mo bá fún, Tab náà ni yóò tẹ̀.