Ọwọ́ Tó Mọ Ibi Tí Iṣan Gbọ́dọ̀ Dúró

Kóòṣì eré ìje tí mo lọ wò kì í gbà kí ọmọ kankan jókòó sílẹ̀ fa ìka ẹsẹ̀ nígbà tí ara ṣì tutù. Ní Bantè, ní orílẹ̀-èdè Benin, nígbà ọyẹ́, òtútù òwúrọ̀ máa ń mú títí oòrùn yóò fi ga, ẹ̀wù òtútù sì ni àwọn ọ̀dọ́ eléré ìje wọ̀ wá sí pápá. Ó ní kí wọ́n sáré jẹ́jẹ́ yí pápá po. Ìgbà tí òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í yọ níwájú orí wọn ló tó ní kí wọ́n bọ́ ẹ̀wù.

Ẹsẹ̀ jíjù ló kàn. Ọmọ á fi ọwọ́ kan di òpó ilé bọ́ọ̀lù mú, ẹsẹ̀ kan á dúró gbọin, èkejì á máa lọ síwájú, á máa bọ̀ sẹ́yìn. Kò kọ́kọ́ ga ju orúnkún lọ. Ó ń ga sí i díẹ̀díẹ̀ títí tó fi dé ìbàdí. Mo rò pé ẹsẹ̀ tó ń fò ni kóòṣì ń wò, àmọ́ ìgbáròkó ló tẹjú mọ́. Bí ọmọ bá ń tẹ ẹ̀yìn kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè ga, á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e níbẹ̀, á ní, “Má jẹ́ kí ibí yìí mì.” Ẹsẹ̀ náà á relẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Gíga tó kù yẹn ni iṣan ẹ̀yìn itan fúnra rẹ̀ ń nà dé.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n tò sí ìdí ìlà fún àwọn ìgbésẹ̀ tí Gerard Mach, olùkọ́ eré ìje ọmọ Poland, fi sílẹ̀ fún ayé, tí a ń pè ní A àti B. Nínú A, orúnkún á gòkè, gìgísẹ̀ á gba abẹ́ ìdí kọjá, ìka ẹsẹ̀ á tọ́ka sókè, ẹsẹ̀ á sì balẹ̀ lábẹ́ ara gan-an. B le jù ú lọ: orúnkún á gòkè, ojúgun á nà síwájú, ẹsẹ̀ á sì yára fà padà wálẹ̀. Ní àkókò kúkúrú yẹn, iṣan ẹ̀yìn itan ń gùn bó ṣe ń di ojúgun mú kó má baà fò jù. Níbẹ̀ ni iṣan eléré ìje sábà máa ń ya, ìdí nìyẹn tí kóòṣì fi ń mú kí wọ́n ṣe é jẹ́jẹ́ kí wọ́n tó yára.

Àwọn olùwádìí ti rí i pé bí èèyàn bá na iṣan lójú kan fún ohun tó ju ìṣẹ́jú kan lọ kó tó sáré, agbára rẹ̀ máa ń dín díẹ̀. Nítorí náà, nínà tó ń rìn ló ń ṣáájú eré, èyí tó dúró sójú kan ń tẹ̀lé e. Ìgbáròkó tó là dáadáa ni eléré ìje ń wá: ẹ wo Tobi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, tó sá 100 mítà onídìínà ní ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 ní Eugene ní July 2022, tí ìgbáròkó rẹ̀ là gbàgà lórí ìdínà mẹ́wàá láìjẹ́ kí èjìká rẹ̀ yí. Irú ìgbáròkó bẹ́ẹ̀ kì í là lọ́jọ́ kan.

Nígbà tí eré parí, iṣẹ́ ọwọ́ bẹ̀rẹ̀, apá yìí ló sì wù mí jù. Ọmọbìnrin kan fẹ̀yìn lélẹ̀. Kóòṣì kúnlẹ̀, ó gbé gìgísẹ̀ rẹ̀ lé èjìká ara rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ kan sókè orúnkún díẹ̀, kò gbé e lé orúnkún gan-an. Ó fi èkejì tẹ itan tó wà nílẹ̀ kó má gbéra. Ọmọ náà fi ẹsẹ̀ ti èjìká rẹ̀, kóòṣì ka ení títí dé ẹẹ́fà. “Tú u sílẹ̀. Mí jáde.” Bí èémí ṣe ń jáde, ẹsẹ̀ náà gòkè ní ìwọ̀n ìka kan. Kò tì í. Ó dúró dè é fún nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá.

“Ó ti tó, bàbá.”

Ó dáwọ́ dúró lójú ẹsẹ̀. Egungun ọmọ tó ń dàgbà máa ń yára gùn ju iṣan lọ, ibi tí iṣan ti so mọ́ egungun sì rọ̀. Ẹni tó bá fi agbára fà á lè já a kúrò níbẹ̀.

Wọ́n kọjú sí ògiri fún iṣan ẹ̀yìn ojúgun: ẹsẹ̀ ẹ̀yìn nà gbọọrọ lákọ̀ọ́kọ́ fún iṣan òkè, lẹ́yìn náà orúnkún tẹ̀ díẹ̀, gìgísẹ̀ ò kúrò nílẹ̀, kí iṣan ìsàlẹ̀ lè gba tirẹ̀. Kò jẹ́ kí wọ́n pẹ́ níbí. Iṣan gìgísẹ̀ gbọ́dọ̀ le bí ọṣán ọrun kó tó lè ta ẹsẹ̀ síwájú, bó bá rọ̀ jù, agbára á ṣòfò sínú ilẹ̀. Nínà kì í fi èémí kún èémí. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ló ń ṣe ìyẹn. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń fún ìgbésẹ̀ ní àyè, kí iṣan tó ti rẹ̀ má baà máa bá ara rẹ̀ jà lópin 200 mítà.

Kó tó tú wọn ká, ó tún gbé ẹsẹ̀ ọmọbìnrin náà sókè, ọ̀tún, lẹ́yìn náà òsì. Òsì ò ga tó ọ̀tún, ó fi ìka méjì wọ̀n ọ́n. Ó sọ fún un pé lọ́la, ẹsẹ̀ òsì ni yóò kọ́kọ́ nà, kò sì ní sáré tagbára-tagbára títí méjèèjì yóò fi dọ́gba.