Ọjọ́ Karùn-ún, Ọjọ́ Keje: Bí Mẹ́dáàlì Kan Ṣe Di Mẹ́ta

Bí a bá dárúkọ mẹ́dáàlì, ohun tó máa kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni èyí tí wọ́n fi rìbọ́ọ̀nù kọ́ sí ọrùn ẹni tó sáré borí, tàbí èyí tí ológun ń lẹ̀ mọ́ àyà. Mẹ́dáàlì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí kò ní rìbọ́ọ̀nù, wọn ò sì fi dá ẹnikẹ́ni lọ́lá. Idẹ pẹlẹbẹ, olójú méjì, tó lè wọ àtẹ́lẹwọ́ ni. Oníṣẹ́ ọnà ló ya àwòrán, tó kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i, kí a lè máa fi rántí èèyàn kan tàbí ìṣẹ̀lẹ̀ kan. Ẹni tó bá ti gba ife tàbí abọ́ tí wọ́n tẹ fọ́tò olóògbé sí níbi ìsìnkú àgbà ti mọ ohun tó sún mọ́ ọn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ife lè fọ́ lọ́la, idẹ ń bẹ níbẹ̀ lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ítálì ni iṣẹ́ ọnà yìí ti gbilẹ̀, láti nǹkan bí 1438, nígbà tí Pisanello ṣe mẹ́dáàlì olú ọba Byzantium, John VIII Palaiologos. Láti ìgbà náà làwọn èèyàn ti ń kó wọn jọ. Nígbà tí àkójọ sì pọ̀ tán, ó di dandan kí ẹnì kan jókòó kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló ṣe é, irin wo ni, báwo ló ṣe fẹ̀ tó, kí ló wà lójú kìíní, kí ló wà lójú kejì, kí ló wà létí. Ìwé bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní kátálọ́ọ̀gù. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé kò sí ohun tó gbẹ bí irú ìwé yẹn. Èmi rò pé òun ni lámèyítọ́ tó ṣòótọ́ jù lọ tí mẹ́dáàlì lè ní, bí ó bá mọ ohun tó yẹ kó kà. Ẹ jẹ́ ká fi mẹ́dáàlì kan dán an wò.

Ní ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ọdún 1915, ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì tí wọ́n ń pè ní U-20 yin ohun ìjà lu ọkọ̀ èrò Lusitania, tí ilé iṣẹ́ Cunard ni, nítòsí etíkun Ireland. Kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 18 lọ tí ọkọ̀ ńlá yẹn fi rì. Àwọn tó kú lé ní 1,190, ọmọ Amẹ́ríkà sì wà nínú wọn tó lé ní 120. Kí ọkọ̀ tó kúrò ní New York ní ọjọ́ kìíní oṣù yẹn, ilé aṣojú Jámánì ti fi ìkìlọ̀ sínú ìwé ìròyìn pé ẹni tó bá wọ ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní àkókò ogun, ọrùn ara rẹ̀ ló wà.

Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, Karl Goetz, oníṣẹ́ ọnà kan ní ìlú Munich, fi owó ara rẹ̀ ṣe mẹ́dáàlì nípa ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Ìjọba kọ́ ló rán an. Ó ti ń ṣe irú mẹ́dáàlì bẹ́ẹ̀ léraléra láti fi bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn ọ̀tá Jámánì, bí ayàwòrán ẹ̀fẹ̀ inú ìwé ìròyìn ṣe máa ń ṣe. Èyí tó kọ́kọ́ ṣe kò tó 500, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 56.

Ẹ wo ojú rẹ̀ kan. Ọkọ̀ náà ń rì, àgbá ìbọn àti ọkọ̀ òfuurufú sì kún orí rẹ̀. Lókè, Goetz kọ ọ́ lédè Jámánì pé kò sí ẹrù òfin níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn ni, ó fẹ́ ká mọ̀ pé irọ́ ni Gẹ̀ẹ́sì ń pa. Nísàlẹ̀, ó kọ ọ́ pé ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ló ri Lusitania ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún.

Ẹ yí i padà. Ojú kejì ni ilé tí Cunard ti ń ta tíkẹ́ẹ̀tì. Ikú fúnra rẹ̀, egungun lásán, ló jókòó lẹ́yìn fèrèsé, tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún èrò tó ń ti ara wọn. Ọkùnrin kan ń ka ìwé ìròyìn tí wọ́n kọ ewu ọkọ̀ abẹ́ omi sí gàdàgbà. Òmíràn tó dé fìlà gíga na ìka sókè bí ẹni tó ń kìlọ̀. Ẹni tí ọ̀pọ̀ gbà pé ó dúró fún ni Bernstorff, aṣojú Jámánì ní Amẹ́ríkà. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ tó wà lókè wọn ni pé òwò ṣáájú ohun gbogbo.

Ká sọ òótọ́, ojú kejì yìí dára. Ìtàn odidi kan wà nínú ibi tó kéré tó bẹ́ẹ̀, ó sì yé ẹni tí kò gbọ́ Jámánì rárá. Ìka tó nà sókè àti ọwọ́ tó ń na tíkẹ́ẹ̀tì ń bá ara wọn jà. Tó bá jẹ́ ojú kan ṣoṣo yẹn ni Goetz ṣe, ìbá jẹ́ ẹ̀sùn tó múná sí ilé iṣẹ́ tó kó èrò sínú ewu nítorí owó.

Àmọ́ ojú méjì ni mẹ́dáàlì ní, ojú kìíní ló sì tú u fó. Èrò tó wà níbi tíkẹ́ẹ̀tì kò sí nínú ọkọ̀ tó ń rì. Kò sí obìnrin, kò sí ọmọdé, kò sí ẹnì kan tó ń lúwẹ̀ẹ́. Ìbọn nìkan ló ń kú sómi. Lóòótọ́, ọkọ̀ yẹn kó ẹrù ogun: àpótí ọta ìbọn 4,200 wà nínú àkọsílẹ̀ ẹrù rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ìkarahun ọta àgbá. Kò kó ọkọ̀ òfuurufú, kò sì tò àgbá sórí. Goetz ní òótọ́ kan lọ́wọ́, ó bù mọ́ ọn títí ó fi di irọ́, ó sì mú òkú èèyàn kúrò níbẹ̀ kí irọ́ náà lè dúró.

Ìṣòro kejì ni pé ẹ̀fẹ̀ nílò ẹni tó mọ̀ pé ẹ̀fẹ̀ ni. Ẹni tó ń ṣẹ̀fẹ̀ lójú agbo ń wo ojú àwọn tó ń gbọ́ ọ; bí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ gba ibòmíì lọ, ó lè tètè yí ohùn padà. Idẹ ò lè ṣẹ́jú. Bó bá ti kúrò ní Munich tó dé Lọ́ńdọ̀nù, ohun tí ojú rí náà ni: ọmọ Jámánì kan ṣe nǹkan ìrántí fún rírì ọkọ̀ tí èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kú sí. Ó sì wá lọ jẹ́ mẹ́dáàlì! Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan tó láti mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé wọ́n fi dá àwọn atukọ̀ U-20 lọ́lá.

Ọjọ́ tó kọ sí i ló wá ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ọjọ́ 7 lọkọ̀ rì, ọjọ́ 5 ló kọ. Goetz ní ìwé ìròyìn ló ṣi òun lọ́nà. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó pẹ̀lú ojú ọ̀tá: bí ọjọ́ tó wà lára mẹ́dáàlì bá ṣáájú ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀, a jẹ́ pé wọ́n ti pète rẹ̀ tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ gan-an nìyẹn. Goetz ṣe òmíràn, ó kọ ọjọ́ 7 sí i. Ẹyin lohùn, èyí àkọ́kọ́ ti já bọ́, ó ti fọ́. Ní 1917 àwọn aláṣẹ Bavaria pàṣẹ pé kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé mẹ́dáàlì náà.

Ó ti pẹ́ jù. Láti 1916 làwọn Gẹ̀ẹ́sì ti rí ọ̀kan gbà. Reginald Hall, ọ̀gá àwọn tó ń tú àṣírí ọ̀tá fún ọmọ ogun ojú omi wọn, rí i pé ohun ìjà ni. Gordon Selfridge, oníṣọ̀ọ́bù ńlá nì, ló bá wọn ṣètò ẹ̀dà rẹ̀. Iye tí wọ́n sábà máa ń kọ ni 250,000, àwọn mìíràn ní ó tó 300,000. Ṣílè kan ni wọ́n ń tà á, wọ́n sì ń fi èrè rẹ̀ ran àwọn ọmọ ogun tó fọ́jú àti Red Cross lọ́wọ́. Irin ni wọ́n fi ṣe é, kì í ṣe idẹ. Wọ́n gbé e sínú páálí kékeré tí àwòrán ọkọ̀ náà wà lórí rẹ̀, wọ́n sì fi ìwé pélébé kan sí i tó ń ṣàlàyé bí ẹni tó rà á yóò ṣe kà á. Ìwé yẹn bínú sí Goetz pé ó fi ìbọn sórí ọkọ̀, ó sì fo obìnrin àti ọmọdé. Ó tọ́ lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sọ ohun tó jẹ mọ́ ọta tó wà nísàlẹ̀ ọkọ̀. Òun náà ní ohun tó fò.

Ẹ ò wá rí i pé mẹ́ta ni mẹ́dáàlì yìí: èyí tó ní ọjọ́ 5 láti ọwọ́ Goetz, èyí tó ní ọjọ́ 7 láti ọwọ́ Goetz, àti ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì. Báwo ni kátálọ́ọ̀gù ṣe kọ wọ́n?

Ìwé tí àwọn olùkójọ gbára lé jù ni ti Gunter Kienast, tó jáde ní 1967, tó fún iṣẹ́ Goetz kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. Lusitania jẹ́ 156. Bí ẹ bá ń wo ibi tí wọ́n ti ń tà á, K-156 lẹ ó máa rí. Iṣẹ́ ńlá ni Kienast ṣe. Láìsí i, a ò bá máa ta ojúlówó àti ẹ̀dà pọ̀ bí ẹni ta ẹ̀wà. Ṣùgbọ́n àṣà tó wà nídìí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni pé oníṣẹ́ ọnà ni olórí. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣe lówó, ohun tí ẹlòmíì bá dà kọ láti ara rẹ̀ kì í ju àlàyé kan nísàlẹ̀ lọ.

Àṣà yẹn ní ìdí tó dára. Bí wọ́n bá fi mẹ́dáàlì kan tẹ àmì sínú yanrìn, tí wọ́n da idẹ yíyọ́ sí i, idẹ náà á súnkì díẹ̀ bó bá ti tutù. Nítorí náà ẹ̀dà máa ń kéré sí ojúlówó, ẹ̀dà tí wọ́n dà láti ara ẹ̀dà á sì tún kéré sí i. Ìdí nìyí tí G. F. Hill, tó kọ ìwé ńlá lórí mẹ́dáàlì Ítálì ní 1930, kò fi fojú kékeré wo mílímítà. Ọ̀pá ìwọ̀n lásán lè sọ ìran tí mẹ́dáàlì kan ti wá. Fún ẹni tó ń wá ọwọ́ Pisanello, ẹ̀dà jẹ́ ìbàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ Lusitania yàtọ̀. Iṣẹ́ mi ni kíkọ ètò kọ̀ǹpútà, ó sì lójú ohun tí kì í jẹ́ ká sùn nídìí iṣẹ́ yẹn: kí nǹkan méjì tó yàtọ̀ máa jẹ́ nọ́ńbà ìdánimọ̀ kan náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ níbí nìyẹn. Ẹni tó ṣe ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe Goetz. Irin rẹ̀ yàtọ̀, ìlú rẹ̀ yàtọ̀, ohun tó fẹ́ sọ sì kọjú ìjà sí ohun tí Goetz fẹ́ sọ. Àwòrán nìkan ni wọ́n fi jọra. Ayédèrú kọ́ ló tún jẹ́, torí páálí rẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ẹ̀dà lòun. Ká kọ ọ́ sábẹ́ nọ́ńbà Goetz dà bí ìgbà tí ẹnì kan tún ọ̀rọ̀ ẹlẹ́nu sọ láti fi dá a lẹ́bi, tí a wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹlẹ́nu náà ló tún un sọ.

Olùkójọ tó mọ owó lè ní àsọdùn ni mo ń sọ, pé irin ṣílè kan ò lè bá idẹ tí kò tó 500 dọ́gba. Ní ti owó, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló rí èyí tí Goetz ṣe? Ìwọ̀nba èèyàn. Ẹ̀dà ló wọ ilé, òun ni ìdílé gbé sórí tábìlì, òun ló sọ fún wọn ohun tí Jámánì jẹ́. Bí a bá ní ká kọ ìtàn ohun tí mẹ́dáàlì yìí ṣe láyé, ẹ̀dà ni orí ìtàn náà.

Ohun tí mo fẹ́ kò le. Kí kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀, kí okùn so wọ́n pọ̀: èyí tún èyí ṣe, èyí da èyí kọ. Kí a kọ irin rẹ̀, ọjọ́ tó wà lára rẹ̀, mílímítà rẹ̀, àti bóyá orúkọ Goetz wà létí rẹ̀, bó ṣe sábà máa ń wà lára ti Munich. Ti ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì, kí a ka páálí àti ìwé pélébé mọ́ ọn, torí wọ́n jẹ́ apá kan iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ ló ti sọ ti wọn nù, irin nìkan ló kù. Ẹni tó bá bá irin yẹn lásán pàdé lónìí, tí kò rí páálí, lè gbà pé láti Jámánì ló ti wá tààrà, kó sì tún gba irọ́ 1916 gbọ́ láìsí ẹni tó pa á fún un.

Èmi ò ní owó èyí tó ti Munich wá. Ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì kan ló wà lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú páálí rẹ̀ tó ti ya létí. Nínú àkójọ tèmi, mi ò kọ orúkọ Goetz síwájú rẹ̀. Mo kọ Lọ́ńdọ̀nù, mo kọ irin, mo kọ ọjọ́ 5 bó ṣe wà lára rẹ̀, mo sì kọ ọjọ́ 7 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí ọjọ́ yẹn làwọn èèyàn kú. Nínú mẹ́dáàlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó ya àwòrán ẹyọ kan nínú wọn.