Bóòtù Tí Ojú Kò Tó

Nínú gbogbo ohun tí mò ń yẹ̀ wò lára ọkọ̀ ìgbòkun tó ti dàgbà, bóòtù kíìlì ni mo fẹ́ràn jù. Òpó ọkọ̀ ṣeé gùn, ẹ́ńjìnnì ṣeé tàn kí a gbọ́ ohùn rẹ̀, ìgbòkun ṣeé tẹ́ sórí koríko kí a wá ibi tó ti ya. Bóòtù kíìlì kò gba irú ìyẹn. Orí rẹ̀ wà nínú ikùn ọkọ̀, ìdí rẹ̀ rì sínú irin, àárín rẹ̀ tí gbogbo ọ̀rọ̀ wà kò sì hàn sí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bó ṣe wà gbọ́dọ̀ bi àwọn aládùúgbò rẹ̀ léèrè: omi tó ń sun, àbàwọ́n tó ṣàn, fáíbà tó sán, ìró tó yí padà. Ìbéèrè yẹn gan-an ló mú iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi.

Fún ẹni tó jẹ́ pé ọkọ̀ ọ̀sà nìkan ló mọ̀: ọkọ̀ tí àwọn ará wa fi ń pẹja ní Ẹ̀pẹ́ pẹlẹbẹ nídìí, kó lè kọjá níbi tí omi kò jìn. Ti ojú òkun tí mò ń bá ṣiṣẹ́ ní agbègbè Southampton àti odò Hamble nílùú Ọba yàtọ̀. Wọ́n so irin tàbí òjé ńlá kan mọ́ ọn lábẹ́, tí ìwọ̀n rẹ̀ sábà máa ń tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n gbogbo ọkọ̀, nígbà mìíràn tó ń sún mọ́ ìdajì. Kíìlì nìyẹn. Bí atẹ́gùn bá ti ọkọ̀ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́, òun ni yóò fà á dìde padà. Àwọn ọkọ̀ kan wà, bíi Contessa 32, tí wọ́n fi fáíbà ọkọ̀ fúnra rẹ̀ bo ìwọ̀n yìí. Ìyẹn kò ní bóòtù tí à ń wá kiri. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àlòkù tí wọ́n ń tà, bóòtù ló gbé kíìlì wọn rọ̀.

Bí kíìlì bá já, ọkọ̀ lè dojú dé kí àwọn tó wà nínú rẹ̀ tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní 1985, nínú ìdíje ọkọ̀ ìgbòkun Fastnet, kíìlì Drum, ọkọ̀ Simon Le Bon olórin Duran Duran, já nítòsí Falmouth. Orí kó gbogbo wọn yọ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2014, Cheeki Rafiki ń bọ̀ láti Antigua sí Southampton, kíìlì rẹ̀ já lójú agbami Àtìláńtíìkì, àwọn mẹ́rin tó wà nínú rẹ̀ sì bá a lọ. MAIB, àjọ tí ń wádìí jàǹbá ojú omi nílùú Ọba, gbé ìròyìn rẹ̀ jáde ní 2015: ó ṣeé ṣe kí àwọn ìgbà tí ọkọ̀ náà ti fìdí gbálẹ̀ rí, pẹ̀lú àtúnṣe tí wọ́n ṣe lẹ́yìn rẹ̀, ti sọ ibi tí kíìlì so mọ́ di aláìlágbára. Wọ́n kìlọ̀ pé ìfìdígbálẹ̀ tí a kà sí kékeré lè fa ìbàjẹ́ ńlá tí kò hàn. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ lẹ́nu mi fún ẹni tó ń tajà ni pé, “Ìgbà wo ló fìdí gbálẹ̀ kẹ́yìn?” N kì í bi í bóyá ó gbálẹ̀ rí. Ní Solent, omi òkun agbègbè Southampton, ọkọ̀ tí kò gbálẹ̀ rí ni èyí tí kò kúrò ní èbúté rí.

Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló ń gbé. Irin sitéńlẹ́ẹ̀sì, tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ bóòtù kíìlì, kì í tètè dípẹtà torí awọ fẹ́lẹ́ kan tó bò ó, èyí tí kírómíọ̀mù inú rẹ̀ àti ọ́síjìn jọ ń ṣe. Bí awọ náà bá ha, tí ọ́síjìn sì ń débẹ̀, á tún ara rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n bí gọ́ọ̀mù àárín kíìlì àti ọkọ̀ bá ti gbó, omi iyọ̀ á yọ́ wọlé, á dá síbẹ̀, ọ́síjìn inú rẹ̀ á tán. Awọ á ṣí, iyọ̀ á sì máa jẹ irin ní kọ̀rọ̀. Báyìí ni bóòtù tí nọ́ọ̀tù rẹ̀ ń dán bí tuntun ṣe lè ti rù ní ìbàdí. Nọ́ọ̀tù tó ń dán kì í ṣe ẹlẹ́rìí.

Ìta ni mo ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń bẹ oníkíréènì kó má tíì gbé ọkọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó ṣì ń rọ̀ lórí ìgbànú, kíìlì ń fa gbogbo ìwọ̀n rẹ̀ sísàlẹ̀; bí ìsopọ̀ bá ti dẹ̀, ìlà kan á là níwájú kíìlì. Àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè é ní ẹ̀rín Catalina, orúkọ irú ọkọ̀ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò sọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀ kí kíìlì tẹ ilẹ̀, kí n wo bóyá ìlà náà á panu dé. Èyí tó ń là tó ń padé ń sọ pé nǹkan ń mì. Èyí tí kò yí padà lè jẹ́ ọ̀dà tó sán lásán. Wọn yóò tún gbé e sókè, ẹnì kan á fi èjìká ti ìsàlẹ̀ kíìlì, èmi á fi ìka lé ojú ìsopọ̀. Ìka tètè ń mọ mímì tí ojú kò rí. Bí ilẹ̀ bá mọ́, tí omi aláwọ̀ ìpẹtà ṣì ń sun níbẹ̀, ó ti ń dáhùn.

Nínú ọkọ̀, a ó kọ́kọ́ gbọ́n omi, a ó sì nù ún gbẹ. Tọ́ọ̀ṣì, dígí kékeré, òòlù kékeré: ohun èlò mi kò jù bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn kíìlì ni mo ń wò ju iwájú lọ, torí bí kíìlì bá gbá àpáta, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń ti ikùn ọkọ̀ sókè. Mo ń fi òòlù kan àwọn egungun fáíbà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú ọkọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó lẹ̀ dáadáa á dún kó, kó. Èyí tó ti ṣí á dún gbù.

Westerly Centaur ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́. Iléeṣẹ́ Laurent Giles ló ya àwòrán rẹ̀, wọ́n sì kàn ju 2,000 lọ láàárín 1969 àti 1980. Kíìlì méjì ló ní, tó ya ẹsẹ̀, kó lè dá dúró lórí ẹrẹ̀ bí omi bá fà. Àǹfààní rẹ̀ náà ni wàhálà rẹ̀: gbogbo ìgbà tó bá jókòó, ìwọ̀n rẹ̀ ń fẹ́ ya ẹsẹ̀ náà sí i, ikùn ọkọ̀ ló sì ń jẹ ìyà rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ti fi fáíbà kún inú tiwọn. Iṣẹ́ ọmọ iṣẹ́ ni láti mọ èyí tí wọ́n fi fún un lágbára, kó yà á sọ́tọ̀ sí èyí tí wọ́n fi bo nọ́ọ̀tù tó ti dípẹtà mọ́lẹ̀.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ohun tó kù ni láti yọ bóòtù kan. Èyí tí ojú rẹ̀ burú jù, tàbí tó wà níbi tí omi ń dá sí, ni kí a yọ, kì í ṣe èyí tó rọrùn. Ẹlòmíràn á ní sípánà ti tó, pé bí nọ́ọ̀tù bá ti le, ó parí. Nọ́ọ̀tù lè le gírígírí lórí bóòtù tó ti tín-ín-rín. Lára kíìlì òjé, wọ́n sábà máa ń da òjé yí bóòtù tó tẹ̀ kọdọrọ ká. Ìyẹn kò ṣeé yọ. A lè fi ẹ̀rọ tí ń rán ìró sínú irin wá ibi tó ti jẹ, a lè gbẹ́ òjé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí a yọjú wò ó, tàbí kí a sọ gbogbo kíìlì kalẹ̀. Owó ńlá ni èyí tó kẹ́yìn, àmọ́ òun nìkan ló ń fi ohun gbogbo hàn.

Olùrà tó jẹ́ ọmọ wa a máa bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n rà á?” Mo ń dá a lóhùn pé, “Àbúrò, ka ìwé mi tán ná.” Apá méjì ni mo ń pín ìwé náà sí: ohun tí mo rí, àti ohun tí mi ò lè rí. Apá kejì ló le láti kọ, torí ẹni tó sanwó fẹ́ gbọ́ pé kò séwu. Mo ń kọ ọ́ síbẹ̀, mo ń sọ ohun tí yóò náni láti rí i, kó lè yọ ọ́ nínú iye tí wọ́n pè é.

Bí o bá wá rà á, tí o sì yọ bóòtù kan, má ṣe jù ú nù. Kọ ọjọ́ tí o yọ ọ́ àti ipò tó wà sára rẹ̀, fi rísíìtì bóòtù tuntun tì í, kí o sì kó gbogbo rẹ̀ fún ẹni tí yóò ra ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ.